Bẹ́ẹ̀dì Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Juliana

Ilé Péjú, Blanchardstown, Dublin.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Jánúárì, 2024.

Sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi àgbà, Màmá Morẹ́nikẹ́, Ìyá Tolúwalàṣẹ, ẹni tí eyín rẹ̀ ń dín ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò dín,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìhín wá sí Ìkirè. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo wà báyìí, Péjú ọmọ wa sì ń béèrè kí ni mo ń wá lábẹ́ àga. Ẹ kú ọdún tuntun o. Ẹ kú ọyẹ́. Ọyẹ́ tiyín a máa wá, a sì máa lọ. Tibi yìí ti gba yàrá lọ́dọ̀ wa, kò sì ní san owó ilé.

Tolú sọ fún Péjú pé etí yín ti di pátápátá, pé fóònù lè máa dún lórí itan yín kí ẹ má mọ̀. Àánú yín ṣe mí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Juliana ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí n rí ọjọ́ kan tí mà á sọ̀rọ̀ dópin tí ẹ ò ní já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́tà nìkan ló lè ṣe é. Ẹ lè bú mi bí ẹ ti ń kà á, mi ò ní gbọ́. Ìtẹ́olúwa, ọmọ Òṣogbo tó ní ṣọ́ọ̀bù gàrí àti ẹja gbígbẹ ní Parnell Street, ní òun á máa fi lẹ́tà wa sínú ẹrù tó ń lọ tó ń bọ̀ láti Èkó. Bí òórùn ẹja bá ń ti ara ìwé yìí jáde, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ara mi o.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dé. Ohun tí Péjú fi ránṣẹ́ sórí fóònù Tolú kò kún tó. Àárín oṣù Nófẹ́ńbà ni apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún àbúrò yín kọ̀ tí wọn ò jíṣẹ́ mọ́. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́ ni. Abọ́ já bọ́, mo ní, "Juliana, o tún ti fọ́ ọ̀kan," mo sì ń rẹ́rìn-ín. Òun náà yíjú sí mi, ó fẹ́ bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Èkejì kò mira.

Áńbúláǹsì gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó wà nítòsí wa. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ojú rẹ̀ mọ̀ wá, ọ̀rọ̀ sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dìde. Nígbà tí Kérésì kù díẹ̀, wọ́n ní kò nílò dókítà mọ́, físíò ló kù, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ àgbàlagbà ní ìrìn bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n wá gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí ọsibítù náà fúnra rẹ̀ rà. Kò jìnnà, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni.

Ẹ rántí bàbá oníkòkó tí mo ń bá gbé àpò nígbà èwe mi? Òun ló ni òṣùwọ̀n, òun ló ni stọ́ọ̀, òun náà ló tún ni ilẹ̀ tí wọ́n ń sá kòkó sí. Bí kòkó rẹ bá tutù, á ní kò gbọdọ̀ wọ stọ́ọ̀ òun, kí o gbé e lọ sá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lé ọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbà ọ́ mọ́ra, àpò kan ṣoṣo ni ọwọ́ méjèèjì ń wọ̀. Bí ọsibítù yìí ṣe rí nìyẹn. Stọ́ọ̀ rẹ̀ kún, ó lọ ra ilẹ̀ ìsákòkó. Juliana ni kòkó tútù.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ. Mo ń gbé ọbẹ̀ lọ, nítorí ọbẹ̀ wọn níbẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò ọbẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pápá kan tí ẹṣin wà. Ó ní kí n kí yín, pé kí ẹ má ronú.

Ẹ bá wa gbàdúrà, kí ẹ sì fi dòdò Ìkirè ránṣẹ́. Àdúrà ni ti Juliana, dòdò ni tèmi.

Èmi ni àna yín tó rẹwà jù,
Olúkúnlé.


Ìkirè.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Fẹ́búárì, 2024.

Olúkúnlé,

Mo kí ọ, mo kí Péjú. Dìde lórí kápẹ́ẹ̀tì, àgbàlagbà ni ọ́, òtútù á mú ọ ní àyà.

Mo ka lẹ́tà rẹ títí kí n tó rí Juliana nínú rẹ̀. Eyín mi ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà etí mi, lẹ́yìn náà ẹja. Ìwọ kò yí padà. Nígbà tí o wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wa, bí o ti ń pa àwàdà nìyẹn títí bàbá fi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá orí rẹ pé. Mo ní ó pé. Má jẹ́ kí n kábàámọ̀ ẹ̀rí tí mo jẹ́.

O fi àbúrò mi sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí. Má pè é ní ilé ìsákòkó fún mi. Ní ibí, bí a bá gbọ́ pé ìyá ẹnìkan wà nírú ibẹ̀, a máa ń béèrè pé ṣé kò bímọ ni, tàbí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyá Ìjọ bi mí léèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ní ó wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Mo purọ́ nínú ilé Ọlọ́run nítorí tìrẹ.

Gbé e wá. Mo ti gbá yàrá tí bàbá wa ń sùn, mo ti ra mátíràsì, àwọn ọmọ Tolú lágbára láti máa gbé e. Bí o bá sọ pé kò ṣeé ṣe, sọ fún mi ìdí rẹ̀ láìfi ẹ̀fẹ̀ kankan bò ó.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì máa wà níbẹ̀, ohun kan ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Mo mọ àbúrò mi kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n. Ìyá wa kọ́ wa pé ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ, ọpẹ́ ni kí o máa dá a lóhùn, èmi kò gbà á pátápátá, Juliana gbà á ju bó ti yẹ lọ. Ní ilé ìwé, tíṣà kan na án dípò ẹlòmíràn, ó kúnlẹ̀ ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Má ṣe jẹ́ kí àwọn òyìnbó náà bi í ní ohunkóhun nígbà tí o kò sí níbẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò máa sọ.

Dòdò wà nínú ẹrù. Tirẹ̀ ni. Ìwọ ni mo gbàdúrà fún, nítorí ìwọ lo nílò rẹ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ,
Morẹ́nikẹ́.


Dublin.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Fẹ́búárì, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín o. Lẹ́tà yín kò tíì dé ọwọ́ mi. Ìtẹ́olúwa ní ẹrù wà ní èbúté Dublin, pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bóyá èébú tí ẹ kọ sí mi ni wọ́n ń túmọ̀. Mi ò lè dúró dè é, nítorí ọ̀rọ̀ ti yí bìrí.

Lọ́jọ́ Tuesday, bọ́ọ̀sì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí mo wọlé, mo bá Gráinne, mánéjà ilé náà, tó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ Juliana mú. Obìnrin náà kò burú o. Bí òṣìṣẹ́ kò bá pé, òun fúnra rẹ̀ á ká apá aṣọ sókè. Ó ní, "Ah, Kunle, àwa méjèèjì ti jọ sọ̀rọ̀, ó dùn gan-an."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ wo?"

Ó ní ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún Juliana láti ṣe físíò ti ń tán, ẹsẹ̀ kò sì gbé e. Pé ilé kan wà ní Mayo, tí kì í ṣe ti ọsibítù àwọn, tó ní àyè fún un títí láé. Pé òun bi í bóyá ó fara mọ́ ọn, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún súre fún òun. "She's grand about it," ó ní, ìyẹn ni pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n, ìlà-oòrùn Ireland la wà, ìwọ̀-oòrùn pátápátá ni Mayo wà, níbi tí ilẹ̀ ti tán tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé.

Mo yíjú sí Juliana. "Ṣé o mọ ibi tí Mayo wà?"

"Rárá."

"Kí ló dé tí o fi ní bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni rọpárọsẹ̀ kọlù. Díẹ̀díẹ̀ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán: "Bàbá Péjú, obìnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù mí nídìí láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n wá kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu?"

Mo sọ fún Gráinne pé ọpẹ́ ni ìyàwó mi ń dá, kò gbà láti lọ. Mo ní lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni tí a ń sọ fún ẹni tó ṣe wá lóore, ara ìkíni ni. Ó ní kò burú, òun á tún bi í lójú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra bi í. Juliana gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. "Yes, ma. Thank you, ma."

Gráinne wò mí.

Ìdùnnúolúwa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, fà mí lọ sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bá Gráinne jà, kì í ṣe òun. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́hùn-ún ni gbogbo wọn ń ṣọ́. Ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ dókítà tó ṣì ń sùn lórí rẹ̀, àdánù ni, nítorí ẹni tó ń kú lọ wà lórí tírọ́lì lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí tí wọ́n fi ra ilé yìí nìyẹn, kí wọ́n lè máa rí ibi kó wọn sí. Ẹni tó bá wá, tó ṣe físíò, tó lọ sílé, owó rẹ̀ dáa. Ẹni tó bá wá tí kò dìde, ohun tí ìjọba ń san lórí rẹ̀ kò tó owó iná àti owó iṣẹ́ wa. Bẹ́ẹ̀dì tó wà lábẹ́ mọ́mì, ó ti lé ní ènìyàn mẹ́rin ní ọsibítù lọ́hùn-ún tó ń dúró dè é. Mọ́mì ti di ìdènà."

Mo ní, "Juliana? Tí kò tóbi ju apẹ̀rẹ̀ ìpàtẹ lọ?"

"Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò gbé e lọ sílé. Àjà kẹta ni Péjú ń gbé, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè kò ṣiṣẹ́ déédéé. Ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ gbé Juliana láti bẹ́ẹ̀dì dé àga. Péjú ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ẹrù ní Ballycoolin. Èmi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹlòmíì ni yóò gbé èmi náà dìde. Wọ́n ní àwọn ń wá olùtọ́jú tí yóò máa wá sílé. Láti Kérésì ni wọ́n ti ń wá a, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù.

Àárín oṣù Máàṣì ni wọn yóò gbé e lọ. Mo padà sílé, mo jókòó síbi tó ti máa ń fọ abọ́. Mi ò rí ẹni yọ lẹ́nu.

Olúkúnlé.


Dublin.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Máàṣì, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi, onísùúrù tí kò ní sùúrù,

Lẹ́tà yín dé. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Ẹ ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má bi í nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ ń kọ ọ́, wọn ò tíì bi í. Ìgbà tí mo kà á, ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí òkun ti gùn tó nìyẹn. Mo fún un ní dòdò náà, ó jẹ ẹyọ kan, ó ní kí n kó ìyókù fún Gráinne. Ṣé ẹ rí ohun tí ojú mi ń rí?

Ẹ gbàgbé yàrá bàbá yín. Mo ti sọ ti bàálù fún yín, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ nínú ẹ̀.

Mo lọ bá Gráinne. Mo ní, "Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí Mayo, ẹ gbé mi mọ́ ọn." Ó ní ibi ẹnìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ara mi sì le. Mo ní ara mi kò le tó bí ó ti rò. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ wá fún mi ní bẹ́ẹ̀dì níbí nígbà náà." Ó ní àwọn kì í gba ẹni tó ti ìta wá, ẹni tó bá gba inú ọsibítù tiwọn kọjá nìkan ni. Bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ kò sí fún ará àdúgbò, ọ̀nà àbájáde ọsibítù ni.

Mo ń jáde lọ ni Ìdùnnúolúwa sọ ohun kan fún mi, mo sì rò pé kò yẹ kó sọ ọ́. Tọkọtaya ará Ireland kan wà ní yàrá ìkẹyìn. Ọkọ ló kọ́kọ́ wá, ìyàwó wá ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí pé ìwé àwọn méjèèjì wà lọ́dọ̀ ọsibítù kan náà, òfin ibẹ̀ ni pé wọn kò gbọdọ̀ yà wọ́n. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò gba méjèèjì pọ̀, irú ibẹ̀ kì í sì í tètè ṣeé rí, wọ́n á jọ wà nílé ìtọ́jú náà títí àyè yóò fi yọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mọ ohun tí mo ń rò. Ẹ má pariwo.

Mo máa ṣubú. Kì í ṣe ìṣubú gidi o, mà á kàn rọra na ara mi sílẹ̀ ni. Mo yan Parnell Street, nítorí Ìtẹ́olúwa á wà níbẹ̀, yóò bá mi di fìlà mú, yóò sì jẹ́rìí pé ojú òun ló ṣe. Mà á ní mi ò lè gbé ẹsẹ̀. Ta ni yóò wọ inú ẹsẹ̀ mi lọ wò ó? Wọ́n á gbé mi lọ sí ọsibítù, ọsibítù á fẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà kíákíá, á sọ̀ mí kalẹ̀ sí ilé ìtọ́jú rẹ̀, mà á sì bá ìyàwó mi níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ. Ohun tí wọ́n fi ń lé e jáde ni mà á fi wọlé.

Ẹ má sọ fún Tolú, torí Tolú á sọ fún Péjú. Bí ó bá bọ́ sí i, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín mi láti Ìkirè, bí etí yín tilẹ̀ di.

Àna yín tó gbọ́n jù,
Olúkúnlé.


Ìkirè.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Máàṣì, 2024.

Olúkúnlé,

Mi ò kí ọ lónìí.

Lẹ́tà rẹ dé láàárọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ìwé dá ọ lóhùn, yóò pẹ́, torí náà mo pa àṣírí rẹ tì, mo pe Tolú, mo ní kí ó pe Péjú lójú ẹsẹ̀ pé kí ó dá ọ dúró. Mo jókòó, mo ń wo ẹnu Tolú bí ó ti ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sórí pátákó ọmọ rẹ̀ fún mi: "Bàbá ti ṣubú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Egungun ìbàdí ti dá."

Mo ní kí ó tún un kọ. Ó tún un kọ. Ohun kan náà ni.

Mi ò mọ̀ bóyá èébú ni ó tọ́ sí ọ tàbí omi ojú, mo ti ṣe méjèèjì. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn kò yẹ kó sọ fún ọ. Ìwọ kò yẹ kí o gbọ́. Ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ń ṣeré ìṣubú ní títì òyìnbó.

Péjú ń sunkún, Tolú kò rí ohun tó yanjú gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí o dá mi lóhùn, kí o má sì fi ohunkóhun bò ó. Níbo ni Juliana wà?

Morẹ́nikẹ́.


Ilé ìtọ́jú kan ní gúúsù Dublin.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Épírì, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Juliana wà ní Mayo.

Mo kí yín, ẹ forí jì mí tí mo fi ìdáhùn ṣáájú ìkíni. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo wọ ṣòkòtò méjì lọ́jọ́ náà kí ilẹ̀ má baà dùn mí. Mo ti yan ibi tí mo máa na ara mi sí, abẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù, níbi tó gbẹ. Mo fún Ìtẹ́olúwa ní fìlà. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli. Bí mo ti ń gba ojú títì kọjá, ẹsẹ̀ mi bọ́ sórí irin tírámù, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín títì, irin náà tutù, ó yọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò mọ̀ pé eré ni. Mo gbọ́ ohun kan tó dún pàì, mo rò pé páálí ẹja ló já bọ́.

Ìtẹ́olúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò tíì dé ibi tí ẹ ní! Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Mo ní, "Ìtẹ́olúwa, ó ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́."

"Háà, Bàbá, ẹ mọ eré ṣe o! Omi ojú gan-an wà ńbẹ̀!"

Ó pẹ́ kí ó tó gbà mí gbọ́. Mi ò lè bínú sí i. Láti ìgbà tó ti mọ̀ mí, kò tíì gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi tí ẹ̀rín kò sí nínú rẹ̀.

Áńbúláǹsì dé. Mo dárúkọ ọsibítù wa fún wọn. Ní Ìkirè, bí a bá gbé aláìsàn sínú mọ́tò, àwọn ẹbí ló ń sọ ibi tí mọ́tò ń lọ. Bí dẹ́rẹ́bà bá kọ̀, a ó wá òmíràn. Gbogbo ọdún tí mo ti lò níbí, mi ò mọ̀ pé tibí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nínú áńbúláǹsì náà ní ibẹ̀ ti kún dé ẹnu ọ̀nà, tírọ́lì gan-an kò sí, pé ọsibítù tó wà ní òdì kejì odò ló sún mọ́ wa. Mo ní ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ ti ìhà ibí. Mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. "You're grand," ó ní, "you're grand," ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ rò ó wò. Ó kún nítorí pé àwọn bíi Juliana kò tíì kúrò nílé ìtọ́jú rẹ̀, àwọn tó wà ní ọsibítù kò sì rí ibi sọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀dì tí mo fẹ́ kó má kúrò lórí rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Wọ́n fi irin sí mi ní ìbàdí. Mo ní kí wọ́n kọ̀wé sí ọsibítù kejì pé tọkọtaya ni wá. Wọ́n ní ìwé tọ̀hún yàtọ̀, òfin tọ̀hún kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ọkọ àti aya ni wá. Lọ́dọ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́dọ̀ ọsibítù méjèèjì, àjèjì ni wá sí ara wa. Ọsibítù tèmi náà sì ti ra ilé ìtọ́jú tirẹ̀, inú rẹ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀ fún èmi náà. Bí mi ò bá dìde, ibi tí wọ́n bá rí ni wọn yóò gbé mi lọ. Péjú ti béèrè bóyá ó lè jẹ́ Mayo. Wọ́n ní ọsibítù yìí kò bá Mayo ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Juliana, Ìdùnnúolúwa wà níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún Péjú. Kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé mo ti ṣẹ́ egungun. Wọ́n wọ kóòtù fún un, wọ́n gbé e sórí àga, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó béèrè bóyá bọ́ọ̀sì ni kò wá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dé." Gráinne ní kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Dẹ́rẹ́bà ní ọ̀nà jìn.

Péjú lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ó ti gbẹ. Òyìnbó ti ń sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá ló kù, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ níbẹ̀. A dán fóònù wò. Bí ó bá gbọ́ ohùn mi, á máa wá mi lábẹ́ aṣọ, á máa fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tú bẹ́ẹ̀dì, tí kò bá rí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní ká má pè mọ́ ná. Péjú ní kí n kọ lẹ́tà, òun á kà á sí i létí bí òun bá tún rí àyè lọ.

Mo mú bírò, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti mú un.

Mi ò kọ lẹ́tà sí Juliana rí. Nígbà tí mo ń wá a, ẹnu ni mo lò. Nígbà tí a ń bọ̀ níbí, a jọ wọ bàálù ni. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, kò tíì sí ibi tí mo sùn tí mo bá sọ̀rọ̀ sókè tí kò ní gbọ́. Mo mọ bí a ti ń kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó nínú ìwé, mo mọ bí a ti ń kí lánlọ́ọ̀dù àti àwọn ìjọba. Mi ò mọ bí a ti ń kí ìyàwó ẹni. Mo kọ "Juliana mi ọ̀wọ́n", ó dà bí ìwé tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́. Mo kọ "Ìyá Péjú, báwo ni ara?", mo ya á, nítorí mo mọ̀ pé á ní a dúpẹ́. Mo wá àwàdà tí mà á fi bẹ̀rẹ̀, mo rí mẹ́ta, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Kò sí èyí tó pa èmi alára lẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìlà kan péré ti tó, èmi á parí ìyókù. Ẹ ti mọ̀ ọ́n nígbà tó wà ní kékeré, kí n tó dé rárá. Orúkọ kan á wà tí ìyá yín fi ń pè é bí ó bá fẹ́ kó wá láti ìta. Mi ò béèrè rí, kò sì sọ fún mi.

Ẹ má fi í sínú ẹrù Ìtẹ́olúwa, ó máa ń pẹ́ jù. Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó ọmọ Tolú, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Péjú lọ́jọ́ tí ìwé yìí bá dé. Ẹ ṣáà sọ ohun tí mà á pè é.

Olúkúnlé.